Gúnnugún Méjì Tí A Kọ Sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bèèrè ìròyìn ìrìn àjò ẹyẹ wa ti ọdún yìí, ẹ má bínú pé ó pẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló dá wa dúró. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìròyìn náà tí a ní láti kọ́kọ́ yanjú láàárín ara wa kí a tó gbé e síta. A ti yanjú rẹ̀ báyìí, a sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu wa.

Sátidé kejì oṣù kẹwàá ni a lọ. Lọ́dọọdún, àwọn tó ń wo ẹyẹ káàkiri ayé máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú oṣù yẹn, wọ́n ń pè é ní October Big Day. Lọ́jọ́ náà, olúkúlùkù á jáde lọ ka irú ẹyẹ tó bá fojú rí tàbí tó bá fetí gbọ́, á sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sórí eBird, ibi ìkójọ àkọsílẹ̀ ẹyẹ tí Cornell Lab of Ornithology àti National Audubon Society dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2002. Kò gba owó, kò sì béèrè ìwé ẹ̀rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju fóònù àti bàtà tó lè wọ ẹrẹ̀ lọ lè kópa.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni a fi àdéhùn sí pé a máa pàdé ní géètì. Aago mẹ́fà ti kọjá kí ẹni tó ń bá wa gbé awò ìwòjìnnà tó yọ, ó ń jẹ búrẹ́dì bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. A ò lè bá a jà, nítorí awò méjì péré ni àwa mẹ́sàn-án ní, àwọn méjèèjì sì wà lọ́rùn rẹ̀. A fún ara wa mọ́ inú Micra méjì, a gba Ṣángo kọjá, a sì bọ́ sílẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé kí oòrùn tó le.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé Ìbàdàn rí, adágún tí wọ́n fọwọ́ ṣe ni omi Ẹlẹ́yẹlé. Ní 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà níbẹ̀ kí ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ lò. Orúkọ ibẹ̀ pàápàá ti pe ẹyẹ: Ẹlẹ́yẹlé, ẹni tó ní ẹyẹlé. A máa ń fi ìyẹn dá àwọn tuntun lára yá pé ẹyẹ kò lè wọ́n wa níbi tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Ní ìlú òyìnbó, ìgbà ìwọ́wé ni oṣù kẹwàá. Igi ń gbọn ewé dànù, òtútù ń wọlé, kòkòrò ń tán lófuurufú, ẹyẹ tó ń fi kòkòrò ṣe oúnjẹ sì gbọ́dọ̀ wá ibòmíràn gbà. Lọ́dọ̀ tiwa, òjò ló ń palẹ̀ mọ́ lásìkò náà. Alápàńdẹ̀dẹ̀ tí ẹ̀ ń rí lórí wáyà iná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn kan nínú wọn ti la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kí wọ́n tó débẹ̀, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì ju nǹkan bíi 20 gíráàmù lọ. Ọ̀kan nínú wa ní alápàńdẹ̀dẹ̀ ló mọ jápa jù láyé: kò tọrọ físà, kò san owó tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ń padà sílé lọ́dọọdún. Ẹlòmíràn bi í pé èwo gan-an ni ilé rẹ̀ nínú méjèèjì. Kò sẹ́ni tó dáhùn, a sì ń rìn lọ.

Lékeléke náà ń bọ̀ lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n òun kì í la òkun kọjá. Apá Òkè Ọya ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ti ń gbẹ. Bí ọ̀wọ́ kan ṣe ń fò kọjá lórí wa, àwa àgbàlagbà ọmọ fásitì na ọwọ́ sókè, a ń ṣẹ́ èékánná sí wọn pé kí wọ́n fún wa ní funfun, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nígbà èwe. Ọlọ́kadà kan dúró wò wá. Ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gà ló kọ́kọ́ wọ ìwé, torí pé ariwo wọn lórí ọ̀pẹ kò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Àwòdì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni a rí ẹyẹ kan tí òyìnbó ń pè ní jacana, tí àwa ti sọ ní Arìnlórí-ewé. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ó lè rìn lórí òṣíbàtà láìrì. Ìwé sọ pé akọ rẹ̀ ló ń sàba, akọ náà ló sì ń tọ́mọ, nígbà tí abo ń wá ọkọ mìíràn lọ. Àwọn obìnrin àárín wa pàtẹ́wọ́ fún un.

Kò pẹ́ tí apẹja aláwọ̀ dúdú àti funfun fi dé. Ó dúró sójú kan lófuurufú, ó ń lu ìyẹ́, ó sì já wọnú omi bí òkò. Ẹyẹ dúdú ọlọ́rùn gígùn kan na ìyẹ́ sóòrùn lórí kùkùté bí ìyá tó sá aṣọ. Pẹ́pẹ́yẹ igbó mẹ́rìnlá ń súfèé kọjá. Létí omi, ẹyẹ kékeré kan tí ìgbà ìwọ́wé lé wá láti ilẹ̀ Yúróòpù ń mi ìdí lókè lódò bí ẹni tó ń jó láìsí ìlù. Ìwé Borrow àti Demey lórí ẹyẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn awò méjèèjì náà sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́wàá ààbọ̀ fi lù, a ti kọ irú ẹyẹ 37.

Ó yẹ ká dúpẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n 38 ni a kọ lọ́dún tó kọjá, a sì ti pinnu pé a ò ní lọ sílé pẹ̀lú ohun tó kéré sí i. Akọ̀wé wa ṣí fóònù, ó fi àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá wé tọdún yìí kí a lè mọ ẹyẹ tó yẹ ká máa wá. Ó ka èyí, ó ka tọ̀hún, ó wá ní, “Gúnnugún ni ò tíì yọjú. A rí méjì lọ́dún tó kọjá.”

Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá gúnnugún. A wo orí igi, a wo òkè, a wo ẹ̀yìn àkìtàn. Nígbà tí ọrùn ti ń dun wa, a rí bàbá apẹja kan tó jókòó lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, tó ń tún àwọ̀n ṣe.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Ooo, ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹja lẹ wá rà?”

“Rárá o, Bàbá. Ẹyẹ la wá wò.”

“Ẹ wá wò ó nìkan? Ẹ ò ní pa á?”

“A ò ní pa á, sà. A kàn ń kà wọ́n ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká jókòó. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti sọ ohun tí a ò bá fi gbogbo òwúrọ̀ wá. Ó fi ibi tí pẹ́pẹ́yẹ igbó ń sùn hàn wá. Ó sọ kùkùté tí ẹyẹ dúdú ọlọ́rùn gígùn náà fẹ́ràn jù àti ìdí tó fi fẹ́ràn rẹ̀: ẹja máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ibẹ̀. Ó na ìka sí ara igi kan, ó fi ibi tí omi gùn dé hàn wá nígbà àgbàrá 26 oṣù kẹjọ 2011, ọjọ́ tí òjò Ìbàdàn gbé ilé àti ènìyàn lọ. Kò ní ìwé, kò ní awò. Ojú tó ti fi wo omi náà láti ìgbà tí kò tíì gbéyàwó ló ń lò.

Ni a bá bi í pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni gúnnugún máa ń bà sí níbí?”

Ó fi àwọ̀n sílẹ̀. “Gúnnugún kẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. A rí méjì lọ́dún tó kọjá.” Akọ̀wé na fóònù sí i kó lè rí i. Bàbá kò wo fóònù náà. Àwa ló ń wò, lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ta ló rí i nínú yín?”

Àwa mẹ́sàn-án dákẹ́. Ẹ̀gà nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tó rí i pé a ò fèsì, ó tún gbé àwọ̀n rẹ̀. “Èmi ò rí gúnnugún lójú omi yìí, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọn a máa to sórí páànù níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, bí adìyẹ tó fẹ́ wọ̀. Èèyàn á lé wọn títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ wo orí páànù báyìí.” Ó fa òwú já. “Tí ẹ bá rí i lóòótọ́, ẹ mú mi lọ síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Inú mi á dùn.”

Ì bá sàn fún wa ká ní ó bú wa. A ra epìyà díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a dúpẹ́, a sì rìn lọ jókòó sábẹ́ àwọn igi tíìkì. Ibẹ̀ ni a ti tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá rèé. Òjò ká wa mọ́ etí omi, a sá sábẹ́ búkà ìyá alákàrà kan. Awò wà nínú ọ̀rá kí omi má baà bà á jẹ́. Ẹyẹ ńlá méjì ń yí po lókèèrè, lẹ́yìn òjò. Ẹnì kan ní, “Gúnnugún nìyẹn o.” Ẹlòmíràn ní, “Méjì ni.” Akọ̀wé kọ ọ́. Àkàrà dé, ọ̀rọ̀ parí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwòdì ni. A ò mọ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí a wá ń bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ pe orúkọ gúnnugún, ẹni tó wà lọ́tùn-ún nawọ́ sí tòsì, ẹni tó wà ní òsì nawọ́ sí ọ̀tún. Akọ̀wé ní òun kò rí i, ohun tí òun gbọ́ lòun kọ. Nínú àkọsílẹ̀, “a” ló wà níbẹ̀: a rí gúnnugún méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá bèèrè ojú tó rí i, “a” kò lójú.

Ọ̀kan nínú wa ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé kí ni ẹyẹ méjì já mọ́ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí gbogbo ayé ń kọ. Ẹlòmíràn ní ó lè jẹ́ gúnnugún lóòótọ́, ta ló lè búra pé kì í ṣe òun? Ẹnì kẹta ní ohun tó ń dun òun gan-an nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó lè búra sí ọ̀nà kankan, síbẹ̀ a ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé bí ohun tó dá wa lójú.

Ká ní ẹ̀gà méjì la fi kún un ni, bóyá à bá rẹ́rìn-ín kọjá. Gúnnugún yàtọ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ọ dàgbà pé a kì í pa gúnnugún, a kì í jẹ gúnnugún, a kì í fi gúnnugún bọrí. Ẹnu wa ń sọ ọ́, ọwọ́ wa kò gbọ́. Wọ́n ń pa á, wọ́n ń ta orí àti ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́jà fún oògùn. Ẹyin kan ṣoṣo ló sì ń yé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà bí wọ́n bá pa á, kì í yára rọ́pò ara rẹ̀. Ní 2015, àjọ IUCN fi irú èyí tó máa ń bá wa gbé nígboro sí ìpele àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun jù lọ. Ẹran tó bá kú sílẹ̀ tí gúnnugún ìbá palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ajá àti eku ló kù tó ń bá wa jẹ ẹ́, wọ́n sì ń gbé ohun tó wà lára rẹ̀ wọ inú ilé.

Ẹ wá wò ó báyìí. Ẹnì kan lè jókòó síbì kan tó ń wá ibi tí gúnnugún ṣẹ́ kù sí, kó lè mọ ibi tó yẹ kí wọ́n sá eré dé. Á ṣí àwòrán ilẹ̀, á rí àmì kan ní Ẹlẹ́yẹlé. Á ní, “Ó ṣì wà níbẹ̀,” á sì kọjá lọ síbòmíràn. Àmì yẹn, ọwọ́ wa ló fi í síbẹ̀, àkàrà gbígbóná wà ní ọwọ́ kejì.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ kò tíì sọ̀rọ̀. Ó wà ní ọdún àṣekágbá, ẹyẹ omi Ẹlẹ́yẹlé sì ni pròjẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dá lé. Ní orí kẹrin iṣẹ́ náà, ó ti kọ ọ́ pé gúnnugún ṣì ń wá sí ibẹ̀, àkọsílẹ̀ wa ti ọdún tó kọjá ló sì fi ṣe ẹ̀rí. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló ti fi orí náà sílẹ̀ fún olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn yẹn ni olùkọ́ náà fa ìlà sí nídìí tó ní ó dára. Gbogbo wa mọ̀, torí pé òun náà ra súyà fún wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó ní, “Ẹ pa á rẹ́. Màá lọ bá ọ̀gá fúnra mi.”

A ní a ó bá a lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwa márùn-ún dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Nígbà tó jáde, kò sunkún, ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn. Olùkọ́ náà kò pariwo lé e lórí. Ó ní kó má kàn yọ gbólóhùn náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Ó ní kó kọ ọ́ pé àkọsílẹ̀ kan wà, pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, pé àwọn tó kọ ọ́ ti fà á padà, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Ó wá fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí àwa tó wà níta: mélòó ni irú rẹ̀ tún kù nínú ìwé yín?

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí ìròyìn yìí yá. Ní alẹ́ Túsìdeè, a jókòó, a ka àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá ní ìlà dé ìlà. Níwájú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé ń bèèrè, “Ta ló rí i?” Ẹni tó bá rí i á dáhùn, á sì sọ ohun tó fi dá a mọ̀: ẹnu rẹ̀, àwọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, igbe rẹ̀, bó ṣe ń fò. Èyí tí kò bá ní olóhun, a yọ ọ́. Gúnnugún jáde. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e. 38 di 35.

Bí a bá fẹ́ wò ó dáadáa, a ti rí ohun tí a ń wá kiri ní Sátidé: 37 ti ọdún yìí ju ti ọdún tó kọjá lọ. A ò kàn mọ bí a ṣe fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un ni.

Ohun kan wà tí a kọ́ lára eBird tí a ò kà sí tẹ́lẹ̀. Kí ó tó gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni, ó máa ń bèèrè pé, ṣé gbogbo ẹyẹ tí ẹ lè dá mọ̀ ni ẹ kọ? A ti máa ń tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” láìkà á, bí ẹni tó ń wá ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n “bẹ́ẹ̀ ni” yẹn ló ń sọ ẹyẹ tí kò sí nínú ìwé di ọ̀rọ̀. Ó ń sọ pé àwọn kan wà létí omi fún wákàtí báyìí, ojú wọn là, wọn ò sì rí gúnnugún. Èyí tí a kò rí lọ́dún yìí wúlò ju méjì tí a kọ lọ́dún tó kọjá lọ. A dúró lórí rẹ̀. A wá a títí ọrùn fi dùn wá.

Òfin kan ni a ti fi kún àwọn tó wà nílẹ̀. Akọ̀wé kò ní kọ ẹyẹ kankan mọ́ láìkọ orúkọ ẹni tó rí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé tiwa. Tí kò bá dá ni lójú, kí a sọ pé kò dá ni lójú. Àwọn kan ti ń ráhùn pé iye ẹyẹ wa máa lọ sílẹ̀. Ó lè lọ sílẹ̀.

A ó padà sí Ẹlẹ́yẹlé nínú oṣù kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ bá ti wọlé, kí a lè sọ fún Bàbá pé a ti pa á rẹ́. A jẹ ẹ́ ní èsì. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde tí awò ìwòjìnnà yín ń gba eruku nínú àpótí, ẹ rántí wa, méjì kò tó ènìyàn mẹ́sàn-án.

Ìbéèrè kan ló kù, ẹ̀yin tí ẹ gbé Ìbàdàn ṣáájú wa la sì fẹ́ bi í. Níbo ni ẹ ti rí gúnnugún kẹ́yìn, ọdún wo sì ni? Ẹ kọ èyí tí ẹ̀yin fúnra yín fojú rí nìkan. Tí kò bá dá yín lójú mọ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. A ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀ bí ẹ bá ṣe sọ ọ́.